Olùkọ́ Èdè Tí Kò Fi Adití Sílẹ̀: Ìgbésí Ayé Alhaja Lateefat Àbẹ̀kẹ́ Àkàngbé, 1956 sí 2025

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹta ọdún 1956, nínú ilé kan tí kò jìnnà sí ọgbà rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta, ni a bí Màmá wa ọ̀wọ́n. Bàbá wọn, Alhaji Awwal Àjàó, ọmọ Ọ̀yọ́, jẹ́ káfíńtà ní iléeṣẹ́ rélùwéè. Ìyá wọn, Àmínát, ọmọ Ìjẹ̀bú, ń ta òwú àti abẹ́rẹ́ ní ọjà Sábó. Ọmọ méjì ti kú mọ́ àwọn òbí yìí lọ́wọ́ kí Màmá tó dé, ìdí nìyẹn tí ìyá àgbà fi fún wọn ní oríkì Àbẹ̀kẹ́.

Màmá ka ìwé mẹ́fà ní Èbúté Mẹ́ta, wọ́n sì ń lọ sí ilé kéú ní ìrọ̀lẹ́. Wọ́n parí ilé ẹ̀kọ́ girama ní Yábàá ní ọdún 1973. Lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣe olùkọ́ kékeré fún ìgbà díẹ̀, wọ́n wọ yunifásítì ní Akọka, wọ́n sì gba oyè nínú èdè Yorùbá ní ọdún 1980.

Ní ọdún 1981 ni wọ́n fẹ́ Alhaji Múyìwá Àkàngbé, oníṣẹ́ iná mànàmáná tó ń ṣiṣẹ́ ní Ijora. Muṣin ni wọ́n kọ́kọ́ gbé kí wọ́n tó kó lọ sí Sùúrùlérè. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta jíǹkí wọn: Ọláṣẹ́gun, Fàrídà àti Ayọ̀kànmí.

Ọdún 1982 ni Màmá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Sùúrùlérè, níbẹ̀ náà ni wọ́n sì ti fẹ̀yìn tì ní ọdún 2016, gẹ́gẹ́ bí igbá-kejì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Wọ́n le. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kọ ọ́ pé bàbá òun ra ọkọ tuntun, tí kò fi àmì sí ọkọ̀ náà, yóò gba ìwé rẹ̀ padà pẹ̀lú ìbéèrè kan: “Ọkọ ta ni bàbá rẹ rà?” Kódà, káàdì ìsọmọlórúkọ tí wọ́n bá fún wọn, Màmá a fi bírò tún un ṣe kí wọ́n tó jókòó jẹun.

Ní ọdún 1989, àrùn yìrùnyìrùn kọlu Fàrídà, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọlọ́run dá ẹ̀mí rẹ̀ sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé láti ọsibítù, ìkòkò kan jábọ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó fọ́ yángá, ọmọ náà kò sì wẹ̀yìn. Ibẹ̀ ni Màmá ti mọ̀. Ìyá tó ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìró àti ohùn kò wá rí ohun tí yóò fi pe ọmọ tirẹ̀ wá jẹun.

Àwọn ẹbí kan dá a lábàá pé kí wọ́n mú ọmọ náà kúrò ní Èkó lọ sí ìlú, kó máa gbé lọ́dọ̀ ìyá àgbà. Màmá kò gbà. Wọ́n gbé Fàrídà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn adití, àwọn náà sì ń jókòó tì í níbẹ̀ ní gbogbo Sátidé, títí wọ́n fi gbọ́ èdè tí àwọn adití ń fi ọwọ́ sọ. Bàbá fẹ́ràn ọmọ yìí bí ẹyin ojú, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti le jù, èdè náà kò wọ àwọn lórí. Ohunkóhun tí Bàbá bá fẹ́ sọ fún Fàrídà, Màmá ni wọ́n ń sọ ọ́ fún. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún ọ̀pọ̀ ọdún, Fàrídà sì dàgbà, ó kàwé, ó di olùkọ́ àwọn adití.

Ní ọdún 2008, Màmá wọ Ẹgbẹ́ Olùkọ́ Èdè àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ní Yábàá. Àwọn olùkọ́ Yorùbá, Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Lárúbáwá ló kóra jọ síbẹ̀, tí wọ́n ń fi ọwọ́ ara wọn kọ́ àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, láìgba ohunkóhun, bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà àti fóònù kọ́ni ní èdè. Màmá ti lé ní àádọ́ta ọdún nígbà náà, ìka kan ṣoṣo ni wọ́n sì fi ń tẹ kọ̀ǹpútà. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ fi fi wọ́n ṣe alábòójútó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ láti Muṣin títí dé Ijora ló jẹ́ pé ọwọ́ Màmá ni wọ́n ti kọ́ bí a ṣe ń tẹ Yorùbá tòun tàmì rẹ̀, àti bí a ṣe ń gba ohùn ọmọ sílẹ̀ kí ó lè gbọ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ń kàwé.

Ní ọdún 2013, Jude, olùkọ́ tí òun náà jẹ́ adití, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tí Fàrídà wà lára wọn, bẹ̀bẹ̀ láti wọ ẹgbẹ́. Alága, Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dúndé, ṣàlàyé ní ìpàdé gbogbogbòò pé èdè tí a ń fi ẹnu sọ ni òfin ẹgbẹ́ mọ̀. Màmá dìde.

“Alága, bí èdè bá jẹ́ ti ẹnu nìkan, a jẹ́ pé ọmọ mi kò bá mi sọ̀rọ̀ láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́rin. Ó sì bá mi sọ̀rọ̀ láàárọ̀ yìí.”

Wọ́n dìbò, ìbò Màmá sì kéré. Ọ̀pọ̀ rò pé wọn yóò bínú kúrò. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ dé, wọ́n ń to àga. Ọ̀rẹ́ wọn, Arábìnrin Christianah, bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n tún ń wá.

“Bí mo bá jáde,” ni ìdáhùn Màmá, “ta ni yóò ṣílẹ̀kùn fún wọn láti inú?”

Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá kọ́ àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ ní Yábàá láàárọ̀, wọ́n á kọ́ Jude àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ní pálọ̀ wa ní Sùúrùlérè lọ́sàn-án. Níbẹ̀ ni àwọn olùkọ́ adití ti kọ́ bí a ṣe ń ya fídíò ẹ̀kọ́, tí a sì ń kọ ọ̀rọ̀ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ní ọjọ́ kan ní ọdún 2015, Ọ̀gbẹ́ni Abọ́dúndé wá gbé ẹ̀rọ tí ẹgbẹ́ fi ń gbé àwòrán sára ògiri. Ó bá Fàrídà níbi tó ti ń fi fídíò ṣàlàyé òwe Yorùbá, tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń bá a jiyàn pẹ̀lú ọwọ́. Ó ní òun kò ní jókòó. Nígbà tí wọ́n pe ìrun Mọ́gáríbì, ó ṣì wà lórí àga. Òun fúnra rẹ̀ ló dá a lábàá ní ìpàdé ọdún náà pé kí ẹgbẹ́ gbà wọ́n wọlé. Ó ní olùkọ́ èdè ni òun rí, òun kò rí adití. Ẹgbẹ́ gbà, Jude sì ti di akọ̀wé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ báyìí.

Nígbà kónílé-ó-gbélé ọdún 2020, pálọ̀ wa di kíláàsì. Màmá ń fi ẹnu kọ́ni, Fàrídà, tí Màmá ti kọ ẹ̀kọ́ náà sínú ìwé fún ṣáájú, ń fi ọwọ́ sọ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ẹgbẹ́ sì ń fi fídíò náà ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ tí ilé ẹ̀kọ́ wọn ti tì. Bàbá, oníṣẹ́ iná, ló ń di iná mú kí ìmọ́lẹ̀ lè hàn lára ìka. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń wo ọwọ́ ọmọ wọn. Ní ọ̀sán kan, bí iṣẹ́ ti parí, Bàbá gbé iná sílẹ̀, wọ́n sì fi ọwọ́ sọ ọ́, díẹ̀díẹ̀, pé: “Ó ti rẹ̀ ọ́. Wá jẹun.” Fàrídà wo Màmá, ó rò pé àwọn ni wọ́n kọ́ Bàbá. Màmá ní ọwọ́ àwọn kò sí níbẹ̀ o. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Fàrídà àti bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láìsí ẹnìkẹta láàárín wọn. Màmá wọ yàrá lọ, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó jáde.

Màmá lọ sí Mẹ́kà ní ọdún 2004. Ìrun wákàtí márùn-ún kì í yẹ̀ lórí wọn, wọ́n sì kọ́ ọ̀pọ̀ ìyá nínú àsàláátù wa ní ìwé kíkà.

Àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í dà wọ́n láàmú ní ọdún 2024. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, lẹ́yìn ìrun Súbùú, wọ́n jẹ́ ìpè Ẹlẹ́dàá, a sì sin wọ́n lọ́jọ́ náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀sìn ti là á kalẹ̀.

Wọ́n fi ọkọ, Alhaji Múyìwá Àkàngbé, sáyé lọ. Àti àwọn ọmọ, Ọláṣẹ́gun, Fàrídà àti Ayọ̀kànmí. Àwọn ọmọ-ọmọ, Pẹ̀lúmi, Adéfúnmiláyọ̀ àti Awwal kékeré. Àbúrò wọn, Adékẹ́mi. Àti àìmọye akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wá bá wa ṣe àdúrà fídáù lónìí, ẹ ó rí Bàbá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìmáàmù. Àwọn ni wọn yóò fi ọwọ́ sọ àdúrà náà fún Fàrídà àti àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jókòó níwájú. Bàbá ní kí a bẹ̀ yín pé bí ọwọ́ àwọn bá lọ́ra, kí ẹ ní sùúrù fún àwọn.

Àbẹ̀kẹ́, ìyá wa, ẹ ṣe é, ẹ ṣe é yanjú. Kí Ọlọ́run fẹ sàréè yín lójú, kí ó tan ìmọ́lẹ̀ sí i, kí ó sì fi Alujanna ṣe ibùgbé yín. Ẹ sùn un re o, Màmá.