Omi Tútù fún Lọ́rì Wa

Zùwáírátù ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ àtàwọn ọmọ ní Kùmásì. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń yọ mí lẹ́nu.

Bùsàrí mẹkáníìkì wá láti Mọ́kọ́lá. Ó so ṣéènì mọ́ igi máńgòrò, ó fi fa ẹ́ńjìnnì lọ́rì wa jáde, ó sì gbé òmíràn sí i. Bó ṣe dún, ó ní, "Bàbá, ẹ wà á jáde o!"

Mo ní ta ni yóò da omi tútù sí táyà kí ọ̀nà rẹ̀ lè tutù. Ó ní òun ńkọ́.

Mo ní, "Ṣé ìwọ ni ìyàwó mi?"

Ìyá rẹ ló ń dà á nígbà ayé rẹ̀. Ìwọ nìkan ló kù fún mi. Wá sílé, kí o wá dà á. Lọ́rì náà kò ní jáde títí o ó fi dé.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ ọ lọ́nà.

Èmi bàbá rẹ,
Làmídì