Orí Sìmẹ́ǹtì Ni Mo Tẹ́ Ẹ̀gbọ́n Yín Sí

Ìyá mi ọ̀wọ́n, ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ilé ẹ̀gbọ́n yín ní Ìwáyà, l'Ékòó níbí. Kí ẹnikẹ́ni tó fi fóònù já yín láyà: ẹ̀gbọ́n yín wà láàyè. Wọ́n ń jẹun, wọ́n sì ń bú mi. Mo mọ̀ pé àwọn nìkan ló kù fún yín nínú ọmọ ìyá yín, ìdí nìyí tí mo fi tètè sọ ọ́. Inú mi ń dùn gan-an bí mo ṣe ń kọ̀wé.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe fi mí ṣẹ̀sín nígbà tí mo ní wọ́n gbé ọmọlangidi kalẹ̀ níbi iṣẹ́ wa ní Yábàá, tí wọ́n ní ká máa tẹ̀ ẹ́ láyà, ká lè mọ bí a ṣe ń ran ẹni tí ọkàn rẹ̀ dáwọ́ dúró lọ́wọ́. Ẹ ní ṣé torí ọmọlangidi ni mo ṣe kúrò ní Ògbómọ̀ṣọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ ká máa dá oníbàárà lóhùn lórí fóònù, kí ló kàn án pẹ̀lú àyà?

Sátidé tó kọjá, oòrùn mú janjan. Ẹ̀gbọ́n yín fa okùn jẹnẹrétọ̀ títí, kò dáhùn. Wọ́n wọlé, wọ́n jókòó sórí àga onítìmùtìmù, orí wọn sì yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo mi èjìká wọn, mo pè wọ́n, kò sí ìdáhùn. Wọ́n mí ẹ̀ẹ̀kan bí ẹni tó ń hanrun, ó tún dákẹ́. Olùkọ́ tó kọ́ wa níbi iṣẹ́ ti sọ pé irú ìyẹn kì í ṣe mímí.

Ẹ ṣáà mọ tiwa. Kíá ni pálọ̀ kún. Ẹnì kan ń da omi lé wọn lórí, ẹnì kan ń wá ṣíbí tí yóò fi la eyín wọn. Ìyàwó wọn, Màmá Rónkẹ́, gbá wọn mọ́ra lórí àga, wọ́n ń ké oríkì wọn kí wọ́n má bàa lọ. Mo ní kí Ṣẹ́gun, ayálégbé tó kángun sí wa, pe nọ́ńbà pàjáwìrì. Mo wá fa ẹ̀gbọ́n yín sílẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, torí tìmùtìmù á kàn máa rì ni, àyà ò ní tẹ̀.

Háà, Ìyá mi, ojú mi rí nǹkan! Màmá Rónkẹ́ di ọwọ́ mi mú.

"Òkú la máa ń tẹ́ sílẹ̀ báyìí, Mojí! Ọkọ mi ò tíì kú!"

Mo ní kí wọ́n má bàa kú ni. Mo kúnlẹ̀, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan sí àárín àyà, mo gbé ìkejì lé e, mo na apá mi tọ́, mo ń tẹ̀ ẹ́ kíkankíkan, mo sì ń jẹ́ kó padà sókè. Nǹkan kan dún kọ̀ nínú ìhà wọn. Ẹ̀rù bà mí, àmọ́ mi ò dúró. Wọ́n kọ́ wa pé kó yá, kó sì ṣe déédéé, ṣùgbọ́n ìpayà ti gba ìyẹn lọ́wọ́ mi. Oríkì tí Màmá Rónkẹ́ ń ké ni mo gbá mú.

"Ẹ má dákẹ́, Mà. Ẹ máa pè wọ́n, kó yá!"

À-jà-ní, À-jà-ní. Bó ṣe ń jáde lẹ́nu wọn ni mo ń tẹ̀ ẹ́. Gbogbo ilé gbè é. Nígbà tó rẹ̀ mí, Ṣẹ́gun gbà á lọ́wọ́ mi, orúkọ náà ò dáwọ́ dúró, títí ọkọ̀ aláìsàn fi dé pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ta ọkàn jí, tí wọ́n sì fi jí wọn. Ní ọsibítù, dókítà ní bó bá ṣe pé orí àga la fi wọ́n sí, ẹ̀rọ yẹn ì bá pẹ́ jù.

Eegun ìhà wọn sán. Bí wọ́n bá ti wúkọ́, wọ́n á ní kí n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bú mi lọ. Bí mo bá wálé, a ó tẹ́ àpò kan sílẹ̀, n ó fi kọ́ gbogbo yín bí a ṣe ń tẹ àyà.

Ẹ bá mi kí Bàbá, ẹ kí àwọn àbúrò mi àti gbogbo agbo ilé. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ò ní fi ojú sunkún ara yín. Ẹ̀yin àti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ̀yin méjì lẹ kù, Ìyá mi. Ẹ̀yin méjì náà lẹ ṣì jẹ́.

Èmi ni ọmọ yín,
Mojísọ́lá