Bí Agbẹnusọ Bàbá Ṣe Ń Sọ Bí Ara Rẹ̀ Ṣe Gbóná Tó

                                                                        Ilé Kẹrin, Yàrá Òkè,
                                                                        Òpópónà Ilé Ìtẹ̀wé.
                                                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé dáadáa lẹ wà? Ọkọ yín ńkọ́, ṣé orúnkún tó ń dà wọ́n láàmú ti ń gbọ́ tiwọn díẹ̀díẹ̀? Àwọn ọmọ ńkọ́? Mo gbọ́ pé èyí tó kéré jù ti ń rìn, pé kò sì sí ohun tó wà lórí tábìlì tó ń pẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ẹ bá mi gbá a mọ́ra. Iṣẹ́ yín ńkọ́, ṣé ọ̀gá tuntun yẹn ti rọ̀ díẹ̀? Ní tiwa, a dúpẹ́. Màmá ṣì ń rán ìbòrí àga àti tìmùtìmù, ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ń pariwo láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́. Èmi náà ṣì ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, mò ń ka mítà omi. Ajá tó lé mi lóṣù tó kọjá kò tíì wá tọrọ àforíjì.

Ọ̀rọ̀ Bàbá ló mú mi jókòó ti ìwé yìí. Ẹ má jáyà o, ara wọn le. Ohun tí ojú mi rí láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí ló pọ̀ ju kéèyàn sọ ọ́ lórí fóònù lọ, kò sì tíì kúrò lára mi di bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ẹ rántí pé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí ọ̀fun Bàbá ni ohùn wọn ti lọ pátápátá. Ẹni tó fi ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n kọ́ àwọn èèyàn ní mọ́tò wíwà, tí ará òpópónà kejì máa ń gbọ́ "Tẹ búrékì! Búrékì ni mo wí!" láti inú mọ́tò tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì, kò lè dá ẹnikẹ́ni lóhùn mọ́. Ọwọ́ wọn sì ń gbọ̀n, bíró kì í gbọ́ tiwọn. Kọ̀ǹpútà alágbèéká tí wọ́n fún wọn nílé ìwòsàn ló kó wọn yọ. Wọ́n á fi ìka kan ṣoṣo tẹ ọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, kọ̀ǹpútà náà á sì bá wọn sọ ọ́ síta. Àwọn fúnra wọn ló sọ ọ́ ní Agbẹnusọ. Ohùn rẹ̀ dà bí ti ẹni tí imú rẹ̀ dí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá ni, àwàdà Bàbá sì ni.

Ní nǹkan bí oṣù méjì sẹ́yìn, Agbẹnusọ bẹ̀rẹ̀ sí í dákú. Bàbá á bẹ̀rẹ̀ ìtàn, ìtàn á máa dùn bọ̀, ó kù díẹ̀ kí wọ́n dé ibi tí ẹ̀rín wà, ojú kọ̀ǹpútà á kàn ṣú lójijì. Bí a bá tún tàn án, kò ní gbà fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbogbo ohun tí wọ́n ti tẹ̀ á sì ti lọ. Ẹ̀rù ń bà wá pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tó máa dákú tí kò ní jí mọ́. Ẹni tó ṣe ètò tó ń sọ̀rọ̀ yẹn sínú rẹ̀ ti kúrò nílé ìwòsàn náà, kò sì sẹ́ni tó mọ ibi tó gbà. Bí ẹ̀rọ yìí bá lọ, ẹnu Bàbá lọ nìyẹn.

Kí la wá ṣe? A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ̀rọ̀ ná. Ìbéèrè tí wọ́n lè mi orí sí nìkan là ń bi wọ́n. Ṣé ẹ ti jẹun? Ṣé òtútù ń mú yín? Ṣé ká ṣí fèrèsé? Bí wọ́n bá na ìka sí Agbẹnusọ, Màmá á ní, "Ẹ rọra, ẹ jẹ́ kó sinmi ná." Bàbá á ká ìka wọn kò. Ilé wa dákẹ́ rọ́rọ́. Mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, màá bá wọn ní ìdí fèrèsé, tí wọ́n ń wo ìta bí ẹni tó ń dúró de ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n mi, ó ń dùn mí dénú egungun.

Ẹnìkan tí a jọ ń ka mítà ló sọ fún mi pé ètò kan wà téèyàn lè gbé sínú kọ̀ǹpútà, tí yóò máa fi bí ara rẹ̀ ṣe gbóná tó hàn. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni, nítorí ó mọ̀ pé mo fẹ́ràn nọ́ńbà ju oúnjẹ lọ. Ṣùgbọ́n mo gbé e sínú rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan. Nígbà tí mo ṣí i, mo la ẹnu, mi ò rántí pa á dé.

Ẹ̀gbọ́n mi, nǹkan yìí mọ ara rẹ̀! Àwọn nǹkan bíńtín kan wà káàkiri inú rẹ̀, sẹ́ńsọ̀ ni wọ́n ń pè é, wọn ò tó orí ìṣó, iṣẹ́ wọn kò sì ju kí wọ́n máa wọn ooru lọ. Ọpọlọ kọ̀ǹpútà ní tirẹ̀. Ibi tó ń kó nǹkan pamọ́ sí ní tirẹ̀. Bátìrì náà ní tirẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ojú mi bá ṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wọn ti jábọ̀ tuntun. Mo tẹ bọ́tìnnì kan péré, nọ́ńbà ọpọlọ fò láti 52 sí 57, ó sì rọra ń sọ̀ kalẹ̀ padà. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó tún fò. Àgbàlagbà bíi tèmi jókòó síbẹ̀, ó ń fi ìka tọ́ ẹ̀rọ díẹ̀díẹ̀ láti wò bóyá yóò mọ̀ ọ́n lára. Ó ń mọ̀ ọ́n lára. Èmi tí mo ń gbé ara mi kiri láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, bí ibà bá mú mi, àfi kí nọ́ọ̀sì sọ iye tó jẹ́ fún mi.

Mo wá ṣe ohun tí iṣẹ́ mi kọ́ mi. Mo mú ìwé mítà, mo fa ìlà sí i, mo sì ń kọ gbogbo nọ́ńbà sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìlà kan nísàlẹ̀ pátápátá, tí kò ní orúkọ gidi, tí ó kọ 127. Dígírì 127! Omi tó ń hó lórí iná, ọgọ́rùn-ún ni. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, 127. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún mìíràn, 127. Ìgbà mọ́kànlá ni mo kọ ọ́, tí ẹ̀rọ náà sì dákú lẹ́ẹ̀kan láàárín rẹ̀, kí n tó fi igbe pe Màmá. A pa Agbẹnusọ, a sì gbé e sórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Bàbá fi wà láìsọ gbólóhùn kan, nítorí nọ́ńbà tí èmi kà.

Ní ọjọ́ karùn-ún, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nísàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta tó kọjú sí ilé ìtẹ̀wé. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo èèyàn ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tó máa ń sọ fún ìdè irin tí kò bá tètè tú lára ẹ̀rọ nìyẹn. Ó to àwọn ìdè kéékèèké sínú kéréètì ẹyin, ihò kọ̀ọ̀kan fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé yóò gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ mi. Ìwé mítà mi ló gbà. Ó kà á láti òkè délẹ̀, ó ń yí ojú ìwé, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́ nígbà tó dé ìsàlẹ̀. Ó bi mí pé iṣẹ́ kí ni mò ń ṣe, mo ní mítà omi ni mò ń kà.

"Bí ẹ bá dé ilé kan, tí àwọn ará ilé ń wẹ̀, tí wọ́n ń fọṣọ, tí mítà wọn sì dúró sójú kan náà ńkọ́?"

"Màá kọ ọ́ pé ó ti kú ni."

Ó fi ìka lé 127 mọ́kànlá tí mo tò sábẹ́ ara wọn. Ẹ̀gbọ́n mi, mo wá ibi tí mo lè sá wọ̀, mi ò rí. Ọdún mọ́kànlá tí mo ti ń ka mítà! Kò sí sẹ́ńsọ̀ kankan ní ìdí ìlà yẹn rárá, ètò náà kàn ń ka ibi tó ṣófo ni. Ó ní èyí tí kò bá yí, kí n fi í sílẹ̀, èyí tó ń yí ni kí n bi léèrè.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n léèrè lójú mi, láti inú ìwé, láìtíì fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà. Ọpọlọ: 52, 67, 81, 93, 99, lẹ́yìn náà àlàfo. Ibi ìkópamọ́ kò kúrò ní 38. Bátìrì kò ju 33 lọ. Ó ní bó bá jẹ́ yàrá wa ló móoru, gbogbo wọn ni ì bá jọ gòkè, nítorí náà inú ibì kan ṣoṣo ni ooru há sí. Ó wo ìlà fáànù tó ń fẹ́ ooru jáde nínú ẹ̀rọ, ó rí i pé ó ń yí ní ìgbà ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ó lé ní ìṣẹ́jú kan. Fáànù kò kú, ó ń sá eré àsápajúdé, síbẹ̀ ooru ń gòkè. Ó ní afẹ́fẹ́ ni kò rí ọ̀nà gbà. Àlàfo tó tẹ̀lé 99 náà kì í ṣe pé ẹ̀rọ ń kú. Ó ń mọ̀ pé òun fẹ́ jóná, ó sì ń pa ara rẹ̀ dé kí ó má bàa jóná. Gbogbo ìgbà tí a rò pé ó fẹ́ fi Bàbá sílẹ̀, ṣe ló ń gba ara rẹ̀ là. Mo dúró níwájú tábìlì yẹn, omi sì ń bọ́ lójú mi, mi ò tijú.

Nígbà tó wá tú u, ohun tó sọ náà ló wà níbẹ̀. Èérún fóòmù ti dì mọ́ ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́, ó nípọn bí aṣọ òtútù. Ó bi mí pé orí kí la máa ń gbé e lé. Mo ní orí tìmùtìmù tí Màmá rán ni. Ẹ mọ ilé wa. Rédíò wọ ẹ̀wù, fíríìjì dé fìlà, àga kan kì í wà níhòòhò lójú Màmá. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rán tìmùtìmù onífóòmù fún Agbẹnusọ, ó ní etí lọ́tùn-ún lósì, ó sì di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú pinpin, níbi tó yẹ kó ti máa mí. Jẹ́jẹ́ fọ́n eruku jáde, ó yí fáànù wò, ó fi ọ̀rá tó máa ń gbé ooru kúrò lára ọpọlọ sí i lọ́tun, ó sì dè é padà.

Àtisọ fún Màmá ló ṣòro jù. Wọn ò bá mi jiyàn. Wọ́n gbé tìmùtìmù lé itan, wọ́n ní, "Ṣé ọwọ́ èmi ni mo fi dí i lẹ́nu?" Wọ́n mú sáàsì, wọ́n tú gbogbo ojú ìránṣọ rẹ̀ pátá. Lẹ́yìn náà ni wọ́n yọ pákó tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin lára àga tí wọ́n ń tún ṣe, wọ́n kàn án pọ̀ bíi bẹ́ẹ̀dì tí kò ní mátíráàsì, afẹ́fẹ́ ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá fẹ́ẹ́. Wọn ò fi aṣọ kankan bò ó. Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tó wà níhòòhò nílé wa.

Lọ́sàn-án Jímọ̀ tó kọjá, a gbé Agbẹnusọ síwájú Bàbá. Mo ṣí ìwé mi. 49. Bàbá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọkùnrin kan tí wọ́n kọ́ ní mọ́tò, tó ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé, tó sì ń fi ọwọ́ méjèèjì kí wọn. 60. 68. Màmá di ọwọ́ mi mú. 74. Ó dúró síbẹ̀. Ó tún bọ̀ sí 72. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fọwọ́ sí i, ó dà bí èémí èèyàn. Bàbá dé ibi tí ẹ̀rín wà, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù méjì, wọ́n sì kọjá ibẹ̀ lọ sínú ìtàn mìíràn. Nígbà tí mo padà wo ìwé mi lẹ́yìn náà, mo rí i pé láti ìdajì wákàtí ni mi ò ti kọ nọ́ńbà kankan mọ́.

Ìgbà yẹn ni Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Bàbá nítorí tìmùtìmù. Bàbá gbé ìka sókè, wọ́n tẹ̀, a sì dúró. Agbẹnusọ ní, "Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ kẹta tó o ti rán an. Mọ́tò tí wọ́n bá fi aṣọ dí níwájú, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á hó."

Màmá pariwo. "Ẹ mọ̀, ẹ sì dákẹ́! Kí ló dé tí ẹ ò sọ?"

Ìka kan náà tún ń lọ, ó ń bọ̀. "Oṣù méjì rèé, ẹ ò bi mí ní nǹkan kan tó ju bẹ́ẹ̀ ni àti bẹ́ẹ̀ kọ́ lọ."

Màmá jókòó. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rọ ni mo ń bi léèrè ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tí mo ń kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé.

Ẹ bá mi kí ọkọ yín àti gbogbo àwọn ọmọ. Ẹ kí ìyá tó ń gbé ilé kejì sí yín, ẹ ní mo dúpẹ́ fún bàtà òjò yẹn, ajá kò lè gé e jẹ. Màmá kí yín, wọ́n ní kí ẹ wọn àga yín ránṣẹ́. Bàbá náà kí yín púpọ̀. Bí ẹ bá pè wọ́n lọ́jọ́ Àìkú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi wọ́n bóyá ara wọn le. Ẹ bi wọ́n ní nǹkan tó gùn. Ìka kan ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́, ó máa ń pẹ́, ẹ ó rò pé fóònù ti gé. Kò gé o. Ẹ dúró dè wọ́n.

Èmi ni tiyín tọkàntọkàn,

Àbúrò yín,
Akàmítà.