Rẹ̀mílẹ́kún Àjàlá, Ẹni Tí Kò Fi Nọ́ńbà Bàbá Rẹ̀ Pamọ́

Sabon Zongo ní ìlú Accra ni a ti bí Olúwarẹ̀mílẹ́kún ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹrin ọdún 1974. Ọmọ Ajílété, láti Ògbómọ̀ṣọ́, ni bàbá àti màmá rẹ̀. Olóògbé Ọláyẹmí, bàbá rẹ̀, ń tún rédíò ṣe ní àdúgbò Circle, ní Accra níbẹ̀. Ọmọ kan ti kú mọ́ wọn lọ́wọ́ kó tó dé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ yìí.

Accra ló ti kàwé, ó sì gboyè nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ní Kumasi lọ́dún 1998. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Alata, bí wọ́n ṣe ń pe àwa Yorùbá ní Ghana. Ó ń dá wọn lóhùn, ó sì ń gba ipò kìn-ín-ní mọ́ wọn lọ́wọ́.

Lọ́dún 2000, ó fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Adé Àjàlá, tí wọ́n jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Onítẹ̀bọmi. Ọkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ pé torí rẹ̀ nìkan ni òun fi ń kọrin.

Ó wọ iléeṣẹ́ tẹlifóònù ńlá kan lọ́dún 2003. Òun ló kọ ètò kọ̀ǹpútà tí ń wá nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lò fún oṣù mẹ́ta, kí wọ́n lè fún ẹlòmíràn.

Bàbá kú lọ́dún 2011. Màmá bẹ̀ ẹ́ kó yọ nọ́ńbà Bàbá kúrò nínú ètò náà, kí wọ́n má baà fún ẹlòmíràn. Rẹ̀mílẹ́kún kọ̀. Ó ní àwọn tí kò ní ọmọ níléeṣẹ́ náà ńkọ́, ṣé òkú tiwọn kì í ṣe òkú ni? Olórí kunkun ni, gbogbo wa la mọ̀. Fún oṣù mélòó kan, Màmá kò bá a sọ̀rọ̀, wọn kò sì fẹnu kan ọbẹ̀ tó ń gbé wá ní gbogbo Ọjọ́ Àìkú.

Lọ́jọ́ kan, àárò Bàbá sọ Màmá, wọ́n tẹ nọ́ńbà náà. Ọ̀gbẹ́ni Faruk, aránṣọ kan ní àdúgbò Lapaz, tí nọ́ńbà náà ti di tirẹ̀, ló gbé e. Ẹkún nìkan ló gbọ́. Kò pa fóònù. Ó dúró títí wọ́n fi sunkún tán, ó wá béèrè bóyá wọ́n ti jẹun. Láti ìgbà náà ló ti ń pè wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òun ló rán aṣọ tí Màmá wọ̀ lónìí. Rẹ̀mílẹ́kún kò sọ pé ṣebí òun ti wí. Ó kàn gbé ọbẹ̀ wá, Màmá sì jẹ ẹ́.

Ní gbogbo Sátidé, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ ní kọ̀ǹpútà, kì í sì í gba ẹni tó bá pẹ́ dé láyè. Lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́, ó sùn nínú Olúwa ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Ó fi Màmá sáyé, ó fi ọkọ rẹ̀, Lọ́pẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àti àwọn ọmọ rẹ̀, Iyìolúwa àti Treasure, sílẹ̀. Kò tíì rí ọmọ-ọmọ, èyí sì dùn wá púpọ̀.

Láti ọjọ́ tó ti lọ, Treasure ń fi fóònù ìyá rẹ̀ pè wá, kí ètò tí ìyá rẹ̀ kọ má baà gba nọ́ńbà náà. A mọ̀, a kò sì bá a wí. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sọ fún Màmá pé òun yóò pa fóònù náà lẹ́yìn ìsìnkú òní. Ọbẹ̀ ni Màmá bù fún un.

Tó bá di oṣù mẹ́ta òní, nọ́ńbà Rẹ̀mílẹ́kún yóò di ti ẹni tí a kò mọ̀. Bí ẹ bá ṣèèṣì pè é, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pa fóònù. Ẹ béèrè bóyá ó ti jẹun.

Sùn re o, Rẹ̀mílẹ́kún. Ọlọ́run tó fi ọ́ rẹ Màmá lẹ́kún nígbà kan, kó tún rẹ̀ wọ́n lẹ́kún.