Ewúrẹ́ Di Agbẹnusọ ní Abà Gàrí

                                        Ilé Akínbọ̀wálé,
                                        Ìlaró,
                                        Ìpínlẹ̀ Ògùn.
                                        16 Oṣù Kọkànlá, 2019.

Dámilọ́lá, ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Màmá àti Bàbá ńkọ́? Ṣé eyín tó ń dun Bàbá àgbà ti ń jẹ́ kí ilé sùn? Ara tiwa le koko, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú àlá nìkan la ti ń rí ìrẹsì láti ìgbà tí wọ́n ti ti bọ́dà pa.

O rántí Àǹtí Àṣìkẹ́ tó ń bá Màmá mi ṣiṣẹ́ ní abà gàrí? Òun ló ń sẹ́ ẹ̀gẹ́, Màmá ló ń yan án. Ní oṣù kẹjọ, wọ́n di gàrí tó ga tó òkè Olúmọ, wọ́n fẹ́ kó o lọ sí Ìdí-Ìrókò. Àǹtí ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kó dọ̀la, ọjà ọ̀la á gbóná ju tòní lọ." Ilẹ̀ mọ́, bọ́dà ti tì! Màmá di gbogbo ẹ̀bi náà ru Àǹtí, àfi bí ẹni pé etí ìró rẹ̀ ni kọ́kọ́rọ́ bọ́dà wà.

Wọ́n yan ara wọn lódì. Àmọ́ iṣẹ́ náà kò ṣeé dá ṣe, ni ewúrẹ́ wa bá di agbẹnusọ. Màmá á ní, "Ewúrẹ́, sọ fún àwọn kan kí wọ́n dín igi iná kù." Àǹtí náà á ní, "Ewúrẹ́, bá mi sọ fún àwọn kan pé a kì í ṣe adití." Ewúrẹ́ á máa jẹ èèpo ẹ̀gẹ́ tirẹ̀ lọ ní jẹ́jẹ́.

Ìyá Morádéyọ̀, tó ń dáná fún ilé-ìwé kan ní Àyétòrò, nìkan ni oníbàárà gidi tó kù fún wa. Gàrí pupa ló fẹ́. Bí òun náà bá lọ pẹ́nrẹ́n, a ó ti abà pa bí wọ́n ṣe ti bọ́dà.

O mọ̀ pé ẹni tó ń yan gàrí gbọ́dọ̀ béèrè bóyá ẹni tó sẹ́ ẹ ti fi epo sí i. Màmá béèrè o, lọ́wọ́ ewúrẹ́! Àǹtí, tó ti fi epo sí i tẹ́lẹ̀, panu mọ́: wọn kò bi òun, òun kì í sì í ṣe ewúrẹ́. Ni Màmá bá da epo mìíràn lé e. Dámi, gàrí dì bí àkàrà, epo ń ṣàn bí odò Yewa! Adìẹ gan-an wò ó, ó kẹ̀yìn sí i.

Mo ti ń wá ibi tí n ó sá gbà. Àfi bí Àǹtí ṣe kúnlẹ̀: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀bi mi ni. Mo ń wò yín, mo dákẹ́." Màmá wo gàrí, ó wo ewúrẹ́. "Dìde jàre. Èmi àgbàlagbà ni mo ń bi ewúrẹ́ léèrè ọ̀rọ̀." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀: "Ìwọ kọ́ lo sì ti bọ́dà."

Àǹtí ní, "Ẹ ṣé o, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti fẹ́ lọ bẹ ìjọba kí wọ́n bá mi ṣí i."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa wá. Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Àpò ẹ̀gẹ́ kan ṣì wà lábẹ́ jáàkì tí a fi ń fún omi rẹ̀ dànù. Wọ́n jọ yan án, Màmá sì ń béèrè ọ̀rọ̀ epo títí ó fi sú Àǹtí. Ìyá Morádéyọ̀ tọ́ ọ wò, ó ní kí wọ́n bá òun yan òmíràn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Màmá sì kìlọ̀: "Àṣìkẹ́, mo ti dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá ṣí bọ́dà, kò ní dọ̀la o!"

Bá mi kí gbogbo ilé, pàápàá Ẹ̀gbọ́n Bánjí. Ewúrẹ́ náà ní kí n kí ọ. Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Èmi ni, tìrẹ tọkàntọkàn,
Ẹ̀ríolúwa