Irun Tó Ń Sùn Lórí Ìṣó

Agboolé Onídòfin,
Igbó-Ọrà.
Ọjọ́ Ajé.

Táyé ọmọ mi,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí láàárọ̀ yìí bí mo ṣe rí i, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo fi kún un. Mo rí sísọ́ọ̀sì ìránṣọ mi lórí fèrèsé, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. Mo rí abọ́ omi tí ọṣẹ dúdú ti hó sínú rẹ̀, abẹ ìfárí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo rí irun lórí ẹní, ó pọ̀ tó ìtẹ́ ẹyẹ ẹ̀gà. Mo rí adìyẹ olómọ wa tó ń fi ẹsẹ̀ tú u. Lẹ́yìn náà ni mo rí Kẹ́hìndé ẹ̀gbọ́n rẹ tó jókòó sórí àpótí, orí rẹ̀ ń dán bí ẹyin awó. Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ yìí sì ni ìgbéyàwó rẹ̀.

Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́, ọ̀gá rẹ ńkọ́? Olódùmarè á ṣọ́ ọ ní Ìbàdàn tí o wà yẹn, oúnjẹ rẹ ò ní kan, ẹni tó bá ń fi ibi wá ọ ò ní mọ ilé. Àmín. Àwa náà wà, iṣu ta, ewúrẹ́ dúdú ti bímọ, ìbejì ni òun náà bí, ta ni ìyẹn á yà lẹ́nu níbí. Kíkí tó bẹ́ẹ̀. Inú ń bí mi, Táyé.

Láti ọjọ́ tí mo ti bí ẹ̀yin méjèèjì, ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan la ó ṣe fún èkejì. Bí mo bá ra bàtà, ẹsẹ̀ mẹ́rin ni. Bí mo bá na ọ̀kan, màá na èkejì kó má baà rò pé mi ò fẹ́ràn òun. Nígbà tí o wá lọ sí Ìbàdàn, Kẹ́hìndé fi àwòrán rẹ kékeré róbótó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ nínú fóònù hàn mí, mo sì mọ̀ pé bí o bá ṣe rí níbẹ̀ lo ṣe rí lọ́jọ́ náà. Mo máa ń kí ọ láàárọ̀ kí n tó bọ́jú. O kì í dáhùn, ìyẹn náà wà lọ́rùn rẹ.

Bí irun rẹ bá ti yí nínú àwòrán yẹn, kí ni ìyá ìbejì gidi máa ṣe? Màá mú Kẹ́hìndé lọ bá Ìyá Làtíífàt onídìrí. O di wẹ́wẹ́, a di wẹ́wẹ́. O fi òwú pupa sí i, a wá òwú pupa dé Èrúwà. Irun rẹ pọ́n bí epo, Ìyá Làtíífàt po nǹkan pọ̀, ó fi kun ti Kẹ́hìndé, ó sì jáde bí awọ ewúrẹ́ tí iná rà. Kẹ́hìndé kàn fọwọ́ pa iwájú orí rẹ̀. O mọ ẹ̀gbọ́n rẹ, ojú ló fi ń wo ayé, ẹnu rẹ̀ kì í yà bọ̀rọ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni ti Dàda. Mo jí lọ́jọ́ kan, mo wo fóònù, irun rẹ ti ta kókó, ó di dàda dé èjìká. Ìbejì ni mo bí, mi ò bí Dàda, ṣé ó wá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni? Bàbá Ògúntọ́lá ọdẹ, tó ń gbé ẹ̀yìnkùlé wa, ní láti inú ìyá ni Dàda ti ń gbé irun rẹ̀ wá, òun ò gbọ́ ọ rí pé ó wọkọ̀ lọ bá ẹnikẹ́ni ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n mi ò lè dákẹ́. Mo se odindi kóńgò ẹ̀wà, mo pe gbogbo ọmọ agboolé, wọ́n jẹ, wọ́n sì nu ọwọ́ epo sí Kẹ́hìndé lórí nígbà tí ìwọ ò sí nílé. Kò pẹ́ kò jìnnà, irun rẹ ti nà gbọọrọ dé ìdí. Ta ló gé Dàda? Ta ló kọ́kọ́ tù ú nínú? Mi ò lè jẹun. Ti Kẹ́hìndé tí wọ́n fi ọjọ́ méjì lọ́ di dàda, òòyà la tún fi tú u, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ìyá Làtíífàt ní kí n jẹ́ kí orí ọmọ yẹn sinmi. Mo ní kó gbájú mọ́ òòyà rẹ̀, ṣé òun náà bí ìbejì ni?

Láàárọ̀ yìí wá ni mo figbe ta. Mo bi Kẹ́hìndé pé ta ló kú, nítorí opó ni mo mọ̀ tó ń fárí. Ó ní kò sẹ́ni tó kú. Mo ní ó dáa, ṣé Táyé ló tún gé tirẹ̀ ni? Ó ní rárá. Ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ wá ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń kàwé. Ó ní gbogbo irun rẹ wọ̀nyẹn, wíìgì ni, pé o ń bọ́ wọn lálẹ́, o ń fi wọ́n kọ́ ìṣó lẹ́yìn ilẹ̀kùn, pé òun fojú ara òun rí wọn nígbà tí òun wá kí ọ. Ó ní irun Táyé ń sùn lórí ìṣó, ti òun ń sùn lórí òun. Ó ní kí n wá wo iwájú orí òun. Mo wò ó. Táyé, ó ti pá láti etí dé etí, egbò wà níbẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní òun sọ pé ó ń dun òun, mo ní ọ̀lẹ ni òun. Ó ní òun ò tíì fúnra òun yan irun kan rí, òun ò sì ní gbé orí tó ń ro òun wọlé ọkọ.

Lórí ìṣó! O jẹ́ kí n se ẹ̀wà fún wíìgì!

Bí mo ṣe ń pariwo ìyẹn lọ́wọ́ ni Ìyá Mùíz, ìyá ọkọ ìyàwó, wọlé pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ tí a fẹ́ fi sí ṣùkú ìyàwó. Ó rí orí, ó ju ìlẹ̀kẹ̀ sílẹ̀. Ó ní òun ò lè mú ẹni tó fárí bí aṣọ̀fọ̀ wọ ilé òun, kí a sún ìgbéyàwó síwájú títí irun á fi hù. Táyé, gbogbo inú tó ń bí mi sí ìwọ àti Kẹ́hìndé, òun ni mo kó o lé lórí. Mo bi í bóyá irun ni ọmọ rẹ̀ wá tọrọ lọ́wọ́ wa. Mo ní orí ni ọmọ mi máa gbé lọ sílé ọkọ, orí náà sì dára, kó ṣa ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, ọrùn la máa fi sí. Mùíz káfíńtà tó tẹ̀lé ìyá rẹ̀ wá kàn ń wo Kẹ́hìndé bí ẹni wo pákó tó dán. Ó wá ní òun ò mọ̀ pé etí rẹ̀ rẹwà tó báyìí. Kẹ́hìndé rẹ́rìn-ín, ó pẹ́ tí mo ti rí eyín rẹ̀. Ìyá Mùíz bẹ̀rẹ̀, ó ń ṣa ìlẹ̀kẹ̀, ó ní ká ṣáà bá òun wé gèlè rẹ̀ kó bo etí. Sátidé ò yẹ̀ mọ́.

Mo rò pé ó parí. Bí a ṣe jẹun ọ̀sán tán báyìí, àwòrán rẹ yí. Ìwọ náà! Orí ń dán! Kẹ́hìndé ní o sọ pé òun ò ní dá nìkan fárí lọ́jọ́ ìgbéyàwó òun. Ta ló ní kí o tẹ̀lé e? Ṣé gbogbo ohun tí ẹnì kan bá ṣe ni ẹnì kejì gbọ́dọ̀ ṣe? Ọ̀dọ̀ ta lo ti kọ́ irú ìyẹn? Mo ti fi ìborùn bo fóònù náà kí atẹ́gùn má baà fẹ́ sí ọ lórí.

Wá sílé lọ́jọ́ Jímọ̀, má pẹ́. Fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ ṣáájú, gèlè méjì aláwọ̀ kan náà ni mo fẹ́ rà. Kí o sì mú ọ̀kan nínú àwọn irun orí ìṣó yẹn bọ̀ fún mi, èyí tó gùn dé ìdí, iwájú orí tèmi náà ti lọ. Ọ̀kan péré o, èmi kì í ṣe ìbejì.

Olódùmarè á dá irun yín padà. Orí yín ò ní gbàbọ̀dè fún yín. Ẹ ó bí méjì méjì, àwọn náà á sì fi irun dà yín láàmú kí ẹ lè mọ bó ṣe rí.

Èmi ni ìyá rẹ tí inú ń bí,
Àríkẹ́.

Mo gbàgbé. Mo fi òrí pa Kẹ́hìndé lórí, ó ti sùn lọ. Ìlàjì òrí náà wà nínú àwo, mo ti dé e, tìrẹ ni, ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án. Aago mẹ́rin àbọ̀ ìrọ̀lẹ́ nìyí, èmi náà wá ń fẹ̀yìn lélẹ̀.