Ẹkún Tí Ẹ Mú Màmá Tún Sun

Bàbá mi tí gbogbo ayé ń yìn,

Àwọn ará yunifásítì tún wá sílé wa ní Ìgándò lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀kadà ni wọ́n gùn láti Ìkòtún nítorí ọ̀nà wa tó bàjẹ́. Wọ́n fẹ́ kó gbogbo kásẹ́ẹ̀tì yín lọ, wọ́n sì fẹ́ fi orúkọ yín sọ yàrá kan. Wọ́n yìn yín títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu wọn. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ gbé rẹ́kọ́dà wọ àwọn abúlé Èkìtì, tí ẹ gba orin àwọn ìyá àgbà sílẹ̀ kí wọ́n tó kú tán. Òótọ́ ni ṣá. Mi ò lè gbà á lọ́wọ́ yín.

Ṣùgbọ́n kásẹ́ẹ̀tì Bùnmi ni wọ́n ń wá jù. Ẹ rántí àbúrò mi, àbí iṣẹ́ ò jẹ́ kẹ́ ẹ rántí? Ọjọ́ tí ibà pa á, Màmá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi ohùn Èkìtì sunkún, ó ń ki ọmọ rẹ̀. Òkú ọ̀fọ̀ ni o, Bàbá! Ta ní í gba irú ẹ̀ sílẹ̀? Ẹ na ìka sókè bẹ́ ẹ ṣe máa ń ṣe, kí gbogbo wa panu mọ́. Téèpù wá há. Ẹ fi báírò yí i, ẹ fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ẹ sì mú kí Màmá tún ẹkún náà sun láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún un sun. Ṣé ojú yín ò rí ọmọ tí wọ́n tẹ́ sórí ẹní ni? Kí ló ń ṣe yín gan-an?

Láti ọjọ́ náà, Màmá ò kọrin mọ́, kódà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin gba oyè, ẹ gbé ẹkún yẹn dé òkè òkun. Kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí n jọ yín, jàre.

Lójú tèmi, Màmá ló ni ẹkún rẹ̀, òun ló yẹ kó pinnu bóyá kí wọ́n gbé e lọ. Nítorí náà, mo tan kásẹ́ẹ̀tì náà fún un lánàá. Iyè rẹ̀ ti ń ra, Bàbá. Ẹ̀yin nìkan ni kò gbàgbé. Ó ṣì ń bu oúnjẹ yín sọ́tọ̀ láràárọ̀ bí ẹni pé ẹ ò tíì kú. Ó fetí sílẹ̀, omi bọ́ lójú rẹ̀. Àánú obìnrin tó ń sunkún yẹn ṣe é gan-an, kò mọ ẹni tó jẹ́. Ó káwọ́ sókè, ó bẹ Ọlọ́run kó má fi irú ẹ̀ hàn òun láéláé.

Mo ṣe àmín. Mi ò ní fún wọn ní kásẹ́ẹ̀tì yẹn.

Èmi tí mo ṣì fẹ́ràn yín tipátipá,
Ọmọ yín tó ṣẹ́ kù.